Cronstedt àti Bàbà Iwin

Agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ ibùsùn màmá bàbá mi ní Lálúpọn. Ìwé ilẹ̀, fọ́tò àwọn tó ti kú, abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni kọ́bọ̀ mẹ́rin wà. Kì í ṣe kọ́bọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 1973 o. Kọ́bọ̀ ayé òyìnbó ni, èyí tó ní ihò láàárín, tí wọ́n máa ń fi okùn sín pọ̀. Màmá ní ìyá òun so irú rẹ̀ mọ́ òun nídìí nígbà tí òun ṣì ń rá kòrò, kí wọ́n lè máa gbúròó ibi tí òun bá rá lọ.

Láti ọdún kejì wa ní ẹ̀ka yìí la ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àyálò ni kọ́bọ̀, pé láti ara copper tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà la ti yá a. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kó owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ ni mo tó fojú rí i pé ohun tó ń jẹ́ bàbà yìí kò pupa rárá. Funfun ni, bíi ṣíbí. Ìdí tó fi funfun ni mo ń wá kiri tí mo fi pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, Axel Fredrik Cronstedt, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, tó ti kú láti 1765. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni a kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ tó ṣe láyé, iṣẹ́ orúkọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ ń pe òkúta, erùpẹ̀ àti irin ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Mo ti gba yangí sílẹ̀, mo gba akọ òkúta, ẹfun, òjé, tánganran, imí-ọjọ́. Wàhálà kò sí. Ìgbà tí mo dé orí ẹdùn àrá ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Bàbá àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Lálúpọn ló fi tirẹ̀ hàn mí. Òkúta dúdú tó ń dán ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ kan sì pẹlẹbẹ. Ọkọ́ wọn ló hú u jáde nínú ebè. Wọ́n gbà pé àrá ló jù ú sílẹ̀ láti òkè, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn sọ pé àáké òkúta ni, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n béèrè bóyá orúkọ nǹkan ni tàbí orúkọ ìgbàgbọ́, pé bó bá jẹ́ ìgbàgbọ́ lásán, kí n yọ ọ́ kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi rí ohun tí mo máa fi dá wọn lóhùn.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Cronstedt bá lórí tábìlì.

Ní àwọn òkè Saxony ní Jámánì, àwọn awakùsà máa ń rí òkúta kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi bàbà. Wọ́n á wà á, wọ́n á rù ú jáde, wọ́n á kó o sínú iléru. Kàkà kí bàbà máa ṣàn, èéfín burúkú ló ń jáde, àwọn tó fà á símú á sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Lónìí a mọ̀ pé ásíníìkì ló wà nínú òkúta yẹn, májèlé paraku. Àwọn kò mọ̀. Wọ́n ní iwin kan tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ ló ń fi àwọn ṣeré. Nickel ni wọ́n ń pe irú iwin bẹ́ẹ̀, ìkékúrú orúkọ Nikolaus. Kupfer sì ni bàbà lédè wọn. Kupfernickel ni wọ́n bá sọ òkúta náà, bàbà iwin. Orúkọ yìí ti wọ inú ìwé láti 1694. Òkúta mìíràn wà tó máa ń hu irú ìwà kan náà sí wọn, wọ́n fi orúkọ iwin mìíràn pè é, Kobold. Ibẹ̀ ni kóbáltì ti wá.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró wo Kupfer yẹn dáadáa. Kupfer ti Jámánì àti copper ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, láti ara cuprum ti Látìnì, tí òun náà ti ara orúkọ erékùṣù Cyprus wá, níbi tí àwọn ará Róòmù ti ń ra bàbà. Kọ́bọ̀ tiwa jẹ́ ọmọ copper. Nítorí náà ẹbí ni Kupfer inú bàbà iwin àti kọ́bọ̀ inú agolo Màmá. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé owó tí mo bá tan mọ́ ohun tí mo ń kà ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1722 ni wọ́n bí Cronstedt, ní Ströpsta ní agbègbè Södermanland. Ọ̀gá ológun ni bàbá rẹ̀, Gabriel, ẹni tó ń bójú tó odi ìlú, ìṣirò sì wà lórí rẹ̀ dáadáa. Bàbá yìí ló kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ní 1738, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 15, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Uppsala. Kò forúkọ sílẹ̀. Ó kàn ń wọlé jókòó ni. Ní ìlú wa níbí, ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kò ní rí àga jókòó lé, débi tí yóò ṣe ìdánwò. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ẹ̀kọ́ Johan Gottschalk Wallerius lórí àlùmọ́ọ́nì, ìyẹn sì ti gba ọkàn rẹ̀ pátápátá.

Ogun dé láàárín Swídìn àti Rọ́ṣíà ní 1741, ó parí ní 1743. Ó bá bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé nígbà tí wọ́n ń yẹ odi wò káàkiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà kùsà ló gbà. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwakùsà, Bergskollegium, ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ń rin ìrìn àjò láti ihò kùsà kan dé òmíràn. Láàárín 1746 sí 1748 ó kọ́ kẹ́místrì lọ́dọ̀ Georg Brandt ní Stockholm, ní yàrá ìṣàyẹ̀wò àjọ náà.

Ẹni tí Brandt jẹ́ ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Òun ló fi hàn ní nǹkan bí 1735 pé irin kan wà nínú òkúta Kobold, irin tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Títí di ìgbà náà, irin méje ni ayé kà sí irin gidi: wúrà, fàdákà, bàbà, irin dúdú, òjé, tánganran àti mẹ́kúrì. Kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí ìkankan nínú wọn. Kóbáltì ni irin àkọ́kọ́ tí a lè tọ́ka sí ẹnì kan pé òun ló rí i. Nítorí náà ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ti gba irin kan lọ́wọ́ iwin ni Cronstedt ti kọ́ṣẹ́.

Òkúta tó wá lò láti ibi ìwakùsà kóbáltì ní Los, ní agbègbè Hälsingland, ló ti wá. Ohun tó gba àfiyèsí rẹ̀ ni nǹkan aláwọ̀ ewé tó yọ sára òkúta náà níbi tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti bà á. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ní bàbà ni, torí bàbà náà máa ń hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ ti rí i lára ère idẹ àtijọ́. Cronstedt kó nǹkan aláwọ̀ ewé yìí, ó yan án nínú iná títí ó fi di ìyẹ̀fun, ó pò ó mọ́ èédú, ó sì fi iná tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yọ́ ọ. Bí bàbà bá wà níbẹ̀, pupa ló yẹ kó jáde. Funfun ló jáde. Ó le, ẹ bá fi òòlù lù ú, ó ń ṣẹ́ dípò kó tẹ̀. Ó gbé òòfà sún mọ́ ọn, òòfà fà á.

Ó tún gba ọ̀nà mìíràn dán an wò. Àwọn awakùsà ti mọ̀ tipẹ́ pé bí èèyàn bá ki irin bọ inú omi tí bàbà ti yòrò sí, bàbà á bo irin náà, á pọ́n yòò. Cronstedt ki irin bọ inú omi aláwọ̀ ewé tirẹ̀. Ó dúró. Bàbà kankan kò yọjú. Ọdún 1751 ló tẹ àbájáde yìí sínú ìwé àtìgbàdégbà Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Sáyẹ́ǹsì ti Swídìn, àwọn tó sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní 1753.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn, torí òun ló gbà mí lákòókò jù. Àlùmọ́ọ́nì kan wà tí ooru inú ilẹ̀ ló dá a bó ṣe wà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ àti omi ló sọ ti àkọ́kọ́ dà á lẹ́yìn tí wọ́n ti hú u síta. Òkúta tí níkẹ̀lì àti imí-ọjọ́ bá jọ wà nínú rẹ̀, bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti dé ibẹ̀, iyọ̀ aláwọ̀ ewé kan lè yọ sára rẹ̀, tó ń dán bíi gíláàsì. Súlífétì níkẹ̀lì nìyẹn. (Òkúta Los ní ásíníìkì nínú, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun aláwọ̀ ewé ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ súlífétì.) Iyọ̀ yìí pọ̀ ní ilé iṣẹ́ àwọn tó ń fi níkẹ̀lì bo ẹ̀rọ omi àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ oníná lóde òní. Ṣùgbọ́n kéèyàn bá a níbi tí Ọlọ́run fi í sí, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìdí ni pé ó ń yòrò. Omi ló bá wọn dá a sílẹ̀, òjò kan ṣoṣo sì tó láti fọ̀ ọ́ lọ. Ká ní ó yọ sára àpáta kan ní Ọ̀nà-Àrà nínú oṣù Kejì, kò ní rí oṣù Karùn-ún.

Ó ní ẹ̀yà. Èyí tó ní ìwọ̀n omi 7 nínú ń jẹ́ morenosite, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní 1851 fún Antonio Moreno Ruiz ti Sípéènì. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá mú un bí ọyẹ́ ṣe ń mú ètè wa, omi kan á kúrò lára rẹ̀, á ku 6, á sì lè di retgersite. Frondel àti Palache ló ṣàlàyé retgersite ní 1949, láti ara èyí tó wá láti Minasragra ní Peru, wọ́n fi orúkọ Jan Willem Retgers ti Nẹ́dálándì sọ ọ́, ẹni tó ti kú láti 1896. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé tó fẹ́ pa búlúù. Líle rẹ̀ jẹ́ 2.5 lórí òṣùwọ̀n tí dáyámọ́ńdì ti jẹ́ 10, èyí tó túmọ̀ sí pé èékánná wa fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ha á. Ó wúwo tó bí ìlọ́po 2 omi. Òmíràn tún wà, nickelhexahydrite, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi ẹyọ kan yàtọ̀ sí ti retgersite: níkẹ̀lì kan náà, súlífétì kan náà, omi 6 kan náà. Bí wọ́n ṣe tò ó ló yàtọ̀, ìyẹn sì tó láti sọ ọ́ di àlùmọ́ọ́nì mìíràn. Ọmọ ọba kì í ṣe ọba ọmọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni. Ìgbà tí mo kà á báyìí ni ojú mi là, mo ní àwọn wọ̀nyí náà ń ṣe síńtáàsì.

Nínú ètò ìpínsísọ̀rí tí ayé ń lò, abẹ́ 7.CB ni gbogbo wọn wà: 7 fún súlífétì, C fún èyí tó ní omi láìní ohun mìíràn tó bá a rìn, B fún bí irin inú rẹ̀ ṣe tóbi mọ. Orúkọ ètò náà ni Nickel-Strunz. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tàn yín jẹ bó ṣe tàn mí. Nickel ibẹ̀ kì í ṣe irin, kì í ṣe iwin, orúkọ ìdílé Ernest Nickel ni, onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì tó ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà. Wákàtí kan ni mo fi ń wá ohun tí iwin ń ṣe nínú ètò yìí.

Ká padà sọ́dọ̀ Cronstedt. Ní 1754 ó tún tẹ iṣẹ́ kejì jáde lórí irin rẹ̀, níbẹ̀ ló sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó mú Kupfernickel tí àwọn awakùsà ń pè é, ó gé Kupfer kúrò, ó fi nickel sílẹ̀.

Ohun tí mo rò pé yóò ṣe kọ́ nìyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ ológun, ẹni tó ń fi iná àti òòfà wádìí ọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n bi mí léèrè kí n tó ka ìtàn yìí, mo máa ní iwin ni yóò kọ́kọ́ lé jáde kí ó sì fi bàbà sílẹ̀, torí bàbà ni nǹkan gidi, iwin ni ìtàn àtẹnudẹ́nu. Bàbà ló lé. Mo sì rò pé ó tọ̀nà, nítorí bàbà ni irọ́ inú orúkọ náà. Ẹni tó bá pe òkúta yẹn ní Kupfer ń sọ fún wa pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀, nǹkan náà kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní nickel kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìrántí làálàá àwọn awakùsà nìkan ló gbé dání.

Ibí yìí ni mo ti rántí ohun kan nípa ẹdùn àrá. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń dààmú, ojú àrá nìkan ni mo ń wò. Mi ò wo ẹdùn. Àáké ni ẹdùn nínú Yorùbá àtijọ́. Àwọn tó sọ ọ́ ní ẹdùn àrá ti mọ̀ pé àáké ni, wọ́n ti sọ ọ́ kí awalẹ̀pìtàn kankan tó dé. Ẹni tó ni àáké náà ni wọn kò mọ̀, ni wọ́n bá fún àrá. Tiwa yàtọ̀ sí ti àwọn ará Saxony: níbi tí tiwọn ti ṣìnà ni tiwa ti tọ̀nà. Mo tún orí kẹta kọ ní òru ọjọ́ yẹn, mi ò yọ ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn èèyàn kò tètè gba ti Cronstedt gbọ́. Ní Faransé, Sage àti Monnet ní kò sí irin tuntun kankan níbẹ̀, pé àdàlù kóbáltì, irin, ásíníìkì àti bàbà ni. Ẹ ò rí nǹkan, bàbà tó lé jáde tún fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Wọn kò dà bí òmùgọ̀ o. Níkẹ̀lì tí Cronstedt rí kò mọ́ dáadáa, kóbáltì àti irin díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó bá wò ó lóòótọ́ lè ṣiyèméjì.

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ọdún 1751 kan náà tó tẹ ọ̀rọ̀ níkẹ̀lì jáde ló ṣàpèjúwe òkúta wíwúwo kan láti Bispberg, tungsten lédè Swídìn. Irin tó wà nínú rẹ̀, ẹlòmíràn ló wá rí i lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1756 ó fi iná sí òkúta kan, òkúta náà hó, ó ń yọ ìfófòó bí ẹ̀kọ lórí iná. Ó mú èdè Gíríìkì, ó so híhó mọ́ òkúta, ó pè é ní zeolite. Orúkọ yẹn ṣì wà. Ọ̀pá tín-ín-rín oníhò ló fi ṣe ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ẹ ti rí alágbẹ̀dẹ tó ń fẹ́ iná pẹ̀lú ẹwìrì. Cronstedt ń fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ iná àtùpà gba inú ọ̀pá yìí sórí ègé òkúta tí kò ju hóró àgbàdo lọ. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ lò ó, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ di ohun tí onímọ̀ àlùmọ́ọ́nì kò gbọdọ̀ má ní lápò. Láti ara àwọ̀ iná, òórùn àti ohun tó ṣẹ́ kù lórí èédú, ó lè mọ ohun tó wà nínú òkúta.

Èyí ló bí ìwé rẹ̀. Títí di ìgbà náà, àwọ̀, ìrísí àti líle ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń pín òkúta sí ìdílé. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá yọ àmì ohùn kúrò, tó wá kó ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sínú ẹbí kan torí pé lẹ́tà wọn jọra. Cronstedt ní ohun tí òkúta jẹ́ nínú ni ká fi pín in. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: ilẹ̀, iyọ̀, ohun tó ń jó, àti irin. Àpáta tó jẹ́ àdàlù, tí àlùmọ́ọ́nì oríṣiríṣi kún inú rẹ̀, ó yà á sọ́tọ̀ sẹ́yìn ìwé. Ọdún 1758 ni ìwé náà jáde, Försök til Mineralogie, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọkùnrin tó ń fún gbogbo nǹkan lórúkọ, kò kọ tirẹ̀ sórí ìwé tó ṣe pàtàkì jù tó kọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1770, Werner tó di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì ní 1780.

Ó gbé Gertrud Charlotta Söderhielm níyàwó ní 1760. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1765, ọmọ ọdún 42. Ọ̀rọ̀ níkẹ̀lì kò tíì yanjú nígbà tó kú. Ọdún 1775 ni Torbern Bergman ní Uppsala fọ níkẹ̀lì mọ́ ju bó ṣe wà lọ, ó yọ́ ọ, ó tún un yọ́, ó sì fi hàn pé bó ṣe ń mọ́ sí i ni ìwà rẹ̀ ń yàtọ̀ sí i. Ká ní àdàlù ni, ṣe ló yẹ kó tú ká. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí Cronstedt ti jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ láìforúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti dá a láre, ọdún 10 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ayé tó mọ ohun tí wọ́n lè fi irin yìí ṣe. Owó ni wọ́n fi ṣe nígbà tó yá, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wọn tó ń jẹ́ nickel ní 1866. Ní 1907, àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà rọ kọ́bọ̀ oníhò fún wa láti ara àdàlù bàbà àti níkẹ̀lì. Alumíníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ onínì, ojú ọjọ́ wa bà á jẹ́, wọ́n sì fi àdàlù yìí rọ́pò rẹ̀. Nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀, bàbà ló máa ń pọ̀ jù, níkẹ̀lì kì í sábà ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Ìdá kan yẹn tó láti gba gbogbo pupa bàbà mọ́ ọn lára. Ìdí tí kọ́bọ̀ Màmá fi funfun nìyẹn. Bàbà wà níbẹ̀ ní tòótọ́, iwin ló bò ó mọ́lẹ̀.

Mo lọ sí Lálúpọn ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo mú òòfà kan tí mo yọ lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó bàjẹ́ dání. Màmá gbé agolo jáde, mo kó kọ́bọ̀ mẹ́rin sórí ẹní, mo gbé òòfà lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fa ìkankan. Níkẹ̀lì Cronstedt máa ń fà mọ́ òòfà, ṣùgbọ́n nínú bàbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, agbára yẹn kì í hàn mọ́. Màmá bi mí kí ni mo ń wá lára owó ìyá àwọn. Mo sọ ìtàn náà fún wọn, iwin, èéfín, ọkùnrin ará Swídìn, gbogbo rẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní ẹyọ kan pé kí n máa fi kàwé, wọ́n ka mẹ́ta tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dé agolo wọn.